Bí Àkókó Ṣe Di Ẹni Tó Ń Dáhùn Fún Igi

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ mi. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà kó yáa jẹ ẹ́ tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa fọ́ ẹ̀pà sí mi létí bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ó dáa.

Nígbà láéláé, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, tí ẹyẹ lè kí ènìyàn kú àárọ̀ kí ènìyàn sì dá a lóhùn, ẹyẹ Àkókó kì í kan igi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní kì í kan igi. Ẹnu rẹ̀ rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù, bó bá sì wọ inú igbó, ẹ ò ní mọ̀ pé ó débẹ̀. Ihò tó bá ti wà lára igi tẹ́lẹ̀, níbi tí ẹ̀ka ti ya, ibẹ̀ ló máa ń wọ̀ lọ yé ẹyin sí. Kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Igbó tó ń gbé wà lẹ́yìn ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Etígbó. Igbó náà ti pẹ́. Ó pẹ́ débi pé àwọn àgbà Etígbó bi àwọn bàbá wọn nípa rẹ̀, àwọn bàbá wọn sì ní bí àwọn náà ṣe bá a nìyẹn. Oganwó wà níbẹ̀, apá wà níbẹ̀, arère wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá fẹ́ rí orí rẹ̀, fìlà onítọ̀hún á kọ́kọ́ jábọ́ ná. Kò sí igi kan nínú wọn tí kò lérò. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé lókè, Òwìwí ń gbé nínú ihò, oyin ń gbé lápá kan, ìgbín fara ti gbòǹgbò. Ilé ńlá ni igi kọ̀ọ̀kan, oníkálukú sì mọ yàrá tirẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Etígbó tó ń jẹ́ Láwóyìn. Gẹdú ló ń gé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ń kí ènìyàn, ó ń tọ́jú ilé rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé igi tí ìjì bá wó nìkan ló ń là sí pákó. Ṣùgbọ́n ìlú ń fẹ̀ sí i. Ẹni tó ń fi ẹní dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń fẹ́ ilẹ̀kùn pákó. Ẹni tó ní ilẹ̀kùn kan ń fẹ́ méjì. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò náà gbọ́, wọ́n ń wá ra gẹdú. Láwóyìn kó òṣìṣẹ́ jọ, ó pọ́n àáké, ó pọ́n ayùn, ó wọ igbó lọ.

Igi bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ wó ni igi apá tí Àkókó yé ẹyin rẹ̀ sí. Oúnjẹ ló wá lọ. Nígbà tó máa fi padà dé, oòrùn ló ń ràn níbi tí igi wà tẹ́lẹ̀, ẹyin rẹ̀ sì ti fọ́ sórí ewé. Ó dùn ún wọra. Ó dúró ti èèpo ẹyin náà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà láti kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí omijé gbẹ lójú rẹ̀, Àkókó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti igi dé igi. Ó ń bẹ àwọn ará igbó pé kí gbogbo wọn jọ lọ bá Baálẹ̀ Etígbó, nítorí bí wọ́n bá dákẹ́, ilé kan ò ní ṣẹ́ kù. Àwọn kan ní àwọn ò ráyè. Àwọn kan ní igi tàwọn jìnnà sójú ọ̀nà, kò lè kàn wọ́n. Ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní òun á tẹ̀ lé e, nítorí òun fẹ́ràn ibi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ gan-an ni. Òwìwí náà gbà. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n pọ̀. Nígbà tí wọ́n dé àgbàlá Baálẹ̀, wọ́n kún un dé orí òrùlé, àwọn ìyàwó Baálẹ̀ ò sì ríbi sá aṣọ sí lọ́jọ́ náà.

Àgbàlagbà tí kì í yára sọ̀rọ̀ ni Baálẹ̀. Ó gbọ́ tiwọn tán, ó ránṣẹ́ pe Láwóyìn, ó gbọ́ tirẹ̀ náà. Láwóyìn ní òun ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbé inú igi. Ó ní igi lòun rí, igi lòun sì gé. Baálẹ̀ mi orí. Ó ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń wó ilé lé onílé lórí, ìbáà ṣe ilé amọ̀, ìbáà ṣe ilé inú igi.

“Báyìí ni wàá ṣe máa ṣe é, Láwóyìn,” ni Baálẹ̀ wí. “Bí o bá dé ìdí igi, fi ẹ̀yìn àáké kàn án, kí o sì kágò, bí ọmọlúàbí ṣe ń kágò lẹ́nu ọ̀nà ọmọnìkejì rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà nílé tí kò fẹ́ kí o wọlé, yóò sọ fún ọ, ìwọ yóò sì yà kúrò. Bí o ò bá gbọ́ nǹkan kan, ilé òfo ni. Gé e.”

Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Láwóyìn dọ̀bálẹ̀, àwọn ẹyẹ lu ìyẹ́, oníkálukú gba ilé lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ ronú sí i. Kí ni ìyá yín kọ́ yín? Ṣebí ó ní bí ẹ bá wà nínú igbó tí ẹ gbọ́ ohùn ẹni tí ẹ ò rí, ẹ ò gbọdọ̀ dáhùn? Bí ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe kọ́ òun náà nìyẹn. Nígbà tí Láwóyìn fi ẹ̀yìn àáké kan igi arère tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé, tó ní “Àgò onílé o,” Ọ̀kẹ́rẹ́ aláròyé fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó ká ìrù rẹ̀ mọ́ra, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dákẹ́ láyé rẹ̀ nìyẹn. Láwóyìn dúró díẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan, ó sì gé arère náà lulẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá igi lọ.

Àkókó tún gbéra. Ó ń lọ láti ilé dé ilé pé kí wọ́n má ṣe dákẹ́ mọ́, pé ẹni tó ń kágò yìí kì í ṣe iwin, Láwóyìn ni, kí wọ́n dá a lóhùn. Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́, tó ti kó lọ sínú arère mìíràn, ní òun gan-an lòun máa kọ́kọ́ dáhùn.

Láwóyìn dé. Ó kan igi. Ó kágò.

“Àgò yà!” ni Ọ̀kẹ́rẹ́ pariwo láti òkè, pẹ̀lú ọ̀yàyà, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé.

Láwóyìn wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé wọ́n gbọ́, onílé fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa wọlé bọ̀. Ni wọ́n bá tutọ́ sọ́wọ́, wọ́n gbá àáké mú. Ọ̀kẹ́rẹ́ tún di aláìnílé.

Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín jàre. Ta ni nínú yín tí wọ́n ń kágò fún tí kì í sọ pé àgò yà? Ẹ̀kọ́ ilé ló kó bá wọn.

Wọ́n padà sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Baálẹ̀ họ orí títí. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí dun òun, ṣùgbọ́n bí bàbá òun ṣe ń sọ èdè yìí ni òun náà ṣe ń sọ ọ́, àti pé láti ìgbà tí òun ti dáyé, ẹni tó bá ti ní àgò yà ti ní kí àlejò máa wọlé nìyẹn, òun ò sì lè yí i padà nítorí ọ̀rọ̀ gẹdú. Ó ní kí wọ́n wá nǹkan mìíràn fi dá Láwóyìn lóhùn.

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń kọ́ ara wọn ní “Má wọlé.” Àkókó ló ń ṣe olùkọ́. Òwìwí ní ojú ń ti òun, pé báwo lòun ṣe fẹ́ máa wí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fi sùúrù kágò. Àkókó ní kó wí i. Ó wí i sábẹ́ ahọ́n. Wọ́n fi gbogbo ọ̀sán kọ́ ọ, ó mọ́ wọn lẹ́nu dáadáa. Ọjọ́ kejì, Láwóyìn dé ìdí igi Òwìwí, ó ní “Àgò onílé o.” Kí Òwìwí tó ronú kan “Má wọlé,” ẹnu rẹ̀ ti sọ “Àgò yà.” Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ níwájú yín, pẹ̀lẹ́ á ti jáde lẹ́nu yín kí ẹ tó mọ ẹni tó fẹsẹ̀ kọ. Bó ṣe rí fún Òwìwí nìyẹn. Ó ké nítorí ojú tì í, ó fò jáde, wọ́n sì gé igi rẹ̀.

Báyìí ni ojú sánmà ń fẹ̀ sí i lórí igbó Etígbó, tí òjìji sì ń dín kù.

Igi kan wà láàárín igbó náà tó ju gbogbo wọn lọ. Oganwó ni. Gbòǹgbò rẹ̀ ga débi pé ewúrẹ́ lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó hù. Ihò kan wà lára rẹ̀ lókè, ibẹ̀ ni Àkókó ti tún yé ẹyin mìíràn sí. Ó ti sàba lé wọn. Ó máa ń fi ẹnu yí wọn padà díẹ̀díẹ̀ kí ìhà gbogbo lè móoru, ó sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń gbọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó yọjú síta, ó rí Láwóyìn nísàlẹ̀ tó ń fi ẹfun sàmì sí ara oganwó náà. Igi tí Láwóyìn bá ti fi ẹfun sàmì sí, òun ló kàn láti gé.

Jìnnìjìnnì bo Àkókó. Ẹyin kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá. Kò lè gbé wọn lẹ́nu, kò lè fi wọ́n sílẹ̀, àti pé ti èṣí ò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ní kí ọkọ rẹ̀ wá sàba lé ẹyin, òun fẹ́ lọ bẹ Láwóyìn fúnra rẹ̀ nílé. Ọkọ rẹ̀ ní ọkùnrin yẹn ò ní gbọ́. Àkókó ní kó má gbọ́, kó ṣáà rí òun sójú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ilé Láwóyìn. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ìyá ìyàwó sì ti ìlú tirẹ̀ wá láti máa wẹ ọmọ tuntun. Àgbàlagbà obìnrin ni, ó sígbọnlẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì máa ń ba Láwóyìn. Lẹ́yìnkùlé ni balùwẹ̀ wà. Imọ̀ ọ̀pẹ ni gbogbo ará Etígbó fi ń ṣe balùwẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n pákó ni ti Láwóyìn yí ká, ó sì máa ń mú àlejò lọ wò ó.

Àkókó bà sórí ògiri ilé, ó ń ro bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Láwóyìn jáde síta. Ó ró aṣọ mọ́ ìbàdí, ó mú ọṣẹ dúdú àti kànìnkàn lọ́wọ́, ó ń fi imú kọrin lọ sí balùwẹ̀. Ó kan pákó: kó, kó, kó.

Láti inú lọ́hùn-ún, ẹnì kan kàn án padà: kó, kó, kó.

Hà! Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹni tó tẹ ẹ̀yinná ni Láwóyìn ṣe fò sẹ́yìn. Àna rẹ̀ ló wà níbẹ̀! Ọṣẹ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ omi ọṣẹ níta balùwẹ̀, níbi tí ìyá ò tiẹ̀ ti lè rí i, ó ń sọ pé “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ o.” Ó dìde, ó fẹ̀yìn rìn padà, ó lọ dúró lábẹ́ òrùlé títí ìyá fi wẹ̀ tán.

Àkókó gbàgbé ẹ̀bẹ̀ tó wá bẹ̀. Ó fò padà sígbó, ó ń rẹ́rìn-ín nínú afẹ́fẹ́. Ìyá náà kò sọ̀rọ̀ rárá. Kò ní kó wọlé, kò ní kó má wọlé. Ó kàn kan pákó padà ni, ọkùnrin tó ń wó igi ńlá lulẹ̀ sì ti sá. Àkókó sọ fún Ọ̀kẹ́rẹ́ àti gbogbo ará oganwó pé bí Láwóyìn bá dé, kí ẹnikẹ́ni má la ẹnu. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun.

Láwóyìn dé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn àáké kan oganwó, ó ní, “Àgò onílé o.”

Gbogbo igi dákẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ki ìrù ara rẹ̀ bọ ẹnu kí ọ̀rọ̀ má bàa jáde. Nínú ihò lókè, Àkókó mú orí sẹ́yìn, ó dijú, ó sì fi ẹnu rẹ̀ tó rọ̀ náà gbá ara igi. Ó dùn ún wọ ọpọlọ. Ó tún gbá a, ó tún gbá a.

Kó, kó, kó.

Láwóyìn ju àáké nù. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, àyà rẹ̀ ti fẹ́ kan ilẹ̀, ó ti ń wí pé “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá, ẹ má bínú.” Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wò ó. Ọ̀kan bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo wọn bá ń yí gbiiri nílẹ̀. Wọ́n ń bi í bóyá àna rẹ̀ ló ń wẹ̀ nínú oganwó.

Ojú ti Láwóyìn, ìtìjú náà sì sọ ọ́ di olóríkunkun. Ó gbọn ewé kúrò láyà. Ó ní ó dáa, ẹnì kan wà níbẹ̀, òun ò sì ní rú òfin Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sùn sínú balùwẹ̀. Ẹni tó wọlé gbọ́dọ̀ jáde. Ó ní òun máa dúró dè é. Ó ránṣẹ́ kí wọ́n gbé ẹní wá, ó tẹ́ ẹ sí ìdí oganwó, ó jókòó.

Bó bá ti pẹ́ díẹ̀, á kan igi. Àkókó á kàn án padà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n dúró, ó sú wọn, wọ́n lọ sóko wọn. Láwóyìn nìkan ló kù. Ilé ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá fún un lójoojúmọ́. Ẹ̀yìn igi ni ọkọ Àkókó ń gbà wọlé tòun ti kòkòrò lẹ́nu, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ ọ̀nà ọ̀fun ìyàwó rẹ̀ mọ́. Ẹnu rẹ̀ là, ó jiná, ó tún là, ó wá ń le sí i. Awọ orí rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ sì rin ìyẹ́ orí rẹ̀ títí ó fi pọ́n. Kò kúrò lórí ẹyin. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí òun bá sùn lọ, orí ilẹ̀ lòun máa jí sí, láàárín èèpo ẹyin, bíi ti èṣí.

Láwóyìn náà ń yí padà díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà. Tìbínú-tìbínú ló kọ́kọ́ ń kan igi. Nígbà tó ṣe, ó wá ń kàn án bí ẹni tó ń béèrè bí ará ilé kejì ṣe jí. Bí onítọ̀hún bá dáhùn, á mi orí, á dùbúlẹ̀ padà, á máa wo bí ewé ṣe ń mì lókè. Láti ìgbà tó ti ń gé igi, kò tíì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọ̀kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó rí oyin tó ń wọlé tó ń jáde. Ó rí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó jókòó, tó fi ìrù dí ẹnu.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn mú gidi gan-an. Ọkọ Àkókó ti wá oúnjẹ lọ. Oorun dé bá Àkókó lórí ẹyin, ó gbá a mú, ó gbé e lọ.

Láwóyìn kan igi. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó tún kàn án. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó rò pé inú òun máa dùn, inú rẹ̀ ò dùn. Ó dìde, ó na ara, ó wo igi náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin, ilé ti ṣófo, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò sì ń retí gẹdú wọn. Ó mú àáké. Ó gbé e sókè.

Kó.

Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi rò pé ẹ̀ka gbígbẹ ló já. Ó dá àáké dúró sókè. Kó. Ó tún dún. Òmíràn tún dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó, kó, kì í ṣe ojú kan náà. Láwóyìn sọ àáké sílẹ̀, ó gun orí gbòǹgbò, ó sì fi etí lé ara igi. Kì í ṣe igi ni wọ́n ń kàn. Ohun tó fẹ́lẹ́ ju igi lọ ni. Ó ti sin adìyẹ rí, ó ti gbé ẹyin sétí rí, ó sì mọ ohun tó ń gbọ́. Àwọn ọmọ ló ń fi ẹnu kan èèpo ẹyin láti inú.

Ọkàn rẹ̀ yọ́. Ó rántí ọmọ tuntun tó wà nílé. Gbogbo ọjọ́ tí òun fi ń retí ẹni tó máa jáde, ẹni tó ń bọ̀ wá sílé ló wà níbẹ̀. Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà ayé, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, kò sì tíì sí ẹni tó dá wọn lóhùn.

Láwóyìn wo ọ̀tún, ó wo òsì, kó má lọ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan ń wò ó. Ó fi ẹnu súnmọ́ igi.

“Àgò yà,” ni ó wí, jẹ́jẹ́.

Ohùn yẹn ló jí Àkókó. Ó rò pé Ọ̀kẹ́rẹ́ ló tún ti la ẹnu. Ó fò sẹ́nu ihò, ó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì dí i.

“Láwóyìn, mo fi ọmọ rẹ bẹ̀ ọ́, má gbà á gbọ́. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́!”

“Mo mọ̀,” ni Láwóyìn dáhùn. “Èmi ni mo sọ ọ́. Àwọn ọmọ rẹ ni mo dá lóhùn. Padà wọlé, wọ́n ti ń dé.”

Ó ká ẹní rẹ̀, ó fi omi fọ ẹfun kúrò lára oganwó, ó gba ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ lọ. Ó ní òun ti dúró, òun ti rí i pé ìdúró náà kò lópin. Bí ìyá yìí bá kúrò níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ náà bá lọ, Òwìwí á wọlé, bí Òwìwí bá lọ, oyin á wọlé. Ó ní igi tó bá ti dàgbà tó fi ní ihò kì í ṣófo, irọ́ ni ènìyàn ń pa fún ara rẹ̀ bó bá ní ó ṣófo. Baálẹ̀ ní ó gbọ́. Láti ìgbà náà, wọ́n pàṣẹ ní Etígbó pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi irin kan igi tó bá ní ihò, pé ẹni tó bá fẹ́ pákó kó lọ gbin igi tirẹ̀ sétí oko. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí ilẹ̀kùn pákó tuntun ní ìlú náà. Kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Àmọ́ gbogbo ìlú kọ́ ni Etígbó. Agégẹdú wà níbòmíràn tí kò gbọ́ òfin náà, tí kò sì mọ Baálẹ̀. Àkókó ro èyí títí. Ó wo Ọ̀kẹ́rẹ́ tí kò ní ẹnu tó lè kan igi, ó wo Òwìwí tí ẹnu tirẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ. Ó ní ó dáa, òun àti àwọn ọmọ òun á máa bá gbogbo wọn dáhùn. Igi tó bá ní ihò, òun á kàn án. Igi tó ti dàgbà tí kò ní ihò, òun á fi ẹnu òun gbẹ́ ẹ sí i, kí ó lè ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ̀ pé ilé ni.

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu Àkókó ti le bí irin, tí orí rẹ̀ sì pọ́n. Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ láti igi dé igi, tó ń kàn án, tó ń gbẹ́ ihò tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé. Bó bá kàn án tán, á dákẹ́, á dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fetí sílẹ̀ bóyá ẹni tó wà nísàlẹ̀ á wí pé ẹ pẹ̀lẹ́ o. Láti ọjọ́ náà náà ni àwọn ẹranko igbó kò ti fi èdè wa dá wa lóhùn mọ́, torí Àkókó ló ń bá wọn dáhùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá wọ igbó tí ẹ gbọ́ kó-kó-kó-kó lókè, ẹ kí wọn, kí ẹ sì yà kúrò. Ẹnì kan wà nílé. Igbó kan wà lápá ibí yìí tí èmi àti ẹ̀yin mọ̀, tó jẹ́ pé kùkùté nìkan ló kù níbẹ̀ báyìí. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo kágò títí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.